Epo Ti Tán ní Ilé Fíìmù Bàbá Mi

Winnipeg, Kánádà,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹwàá, 2024.

Bàbá mi, Fájẹ́misìn ọmọ Kemta,

Mo kúnlẹ̀ o. Ẹ kú ilé, ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àárò wa. Ṣé ara yín le? Ṣé orúnkún tó ń dùn yín ti rọlẹ̀? Ara tiwa dá ṣáṣá. Inú mi ń dùn, Bàbá! Láàárọ̀ yìí mo jí, mo rí Láńre tó ń wọ ìbọ̀sẹ̀ lé orí ìbọ̀sẹ̀ nítorí òtútù, ni mo bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kí ló dé? Mo ní kò sí o, mo kàn rántí pé ọkọ mi ni. Ó ti pé oṣù méjì tí a ṣègbéyàwó, ẹ̀rín yẹn kò tíì kúrò lẹ́nu mi. Ẹ má jẹ́ kí Àǹtí Ifáníkẹ́ gbọ́, wọ́n á ní ojú kò tì mí.

Mobọ́lájí tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì Láfẹ́nwá ni yóò tẹ lẹ́tà yìí jáde fún yín, òun náà ni yóò sì fi èsì yín ránṣẹ́ sí mi. Mo mọ̀ pé ẹ kò fẹ́ràn fóònù. Ẹ̀yin lẹ sọ pé ọ̀rọ̀ fóònù dà bí afẹ́fẹ́, bó ti fẹ́ kọjá, ó tán, kò sẹ́ni tó lè padà kà á.

Ẹ bi mí pé kí ni à ń ṣe níbí. Fíìmù ni o! Lọ́sàn-án Sátidé tí kò bá sí iṣẹ́, a ó fi aṣọ bora, a ó gbé gúgúrú síwájú, a ó máa wo fíìmù bí ẹni tí wọ́n gbéṣẹ́ rẹ̀ fún. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a wo ọ̀kan tí ọmọbìnrin kan ń gun ẹranko abìyẹ́ kọjá lórí òkè tó ń jóná, tí igi inú igbó sì ń bá a sọ̀rọ̀. Láńre ní ó dára. Mo ní kò dára tó. Ọ̀rọ̀ wo ni igi yẹn tiẹ̀ sọ? "Máa lọ, máa lọ," láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin! Ká ní ẹ̀yin lẹ ń túmọ̀ rẹ̀ ni, ẹ ó ti fún igi yẹn lórúkọ, a ó sì ti mọ ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́.

Lánàá, a wo ti àwọn kan tí wọ́n wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí ayé mìíràn, tí wọ́n sùn sínú àpótí onígíláàsì fún àádọ́rin ọdún kí wọ́n tó gúnlẹ̀. Nígbà tí obìnrin kan nínú wọn jí, kò sí ẹnì kan tó mọ orúkọ rẹ̀ mọ́ nílé. Mo sunkún, Bàbá. Láńre ní, "Olólùfẹ́ mi, fíìmù ni." Mo ní mo mọ̀. Ṣùgbọ́n èmi náà sùn nínú bàlúù, mo jí, mo rí yìnyín.

Ohun tó ń ṣe mí ni pé fíìmù ibí dákẹ́ jù. Kò sẹ́ni tó ń túmọ̀. Mo máa ń rántí ilé fíìmù wa ní Láfẹ́nwá, òórùn epo jẹnẹrétọ̀ pẹ̀lú ẹ̀pà sísun, àwọn awakọ̀ tó fún ara wọn pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ẹ̀yin náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ọ̀pá lọ́wọ́, tí ẹ ń túmọ̀ fíìmù fún èrò. Mo rántí aṣọ tí ẹ rán bo ìsàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n, tí ẹ ní kí iná rẹ̀ má baà ba ojú ọmọdé jẹ́. Mo sì rántí Ìyá Olómi! Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo fíìmù ayé: obìnrin tó kú, tó ń jáde wá látinú kànga pẹ̀lú òòyà lọ́wọ́, tó wá ń dirun ọmọ rẹ̀ nítorí pé bàbá ọmọ kò mọ irun dì. Ẹ̀rù á bà wá, inú wa á tún dùn. Bó bá sì ti fa ọmọ náà lọ́wọ́ dé ẹ̀gbẹ́ kànga, jẹnẹrétọ̀ á kú. Ẹ ó pàtẹ́wọ́, ẹ ó ní, "Epo ti tán o! Ìyá ti rí ọmọ, ọmọ ti rí ìyá, kálukú kó gba ilé rẹ̀ lọ!" Láyé mi, n kò rí ìparí fíìmù yẹn rí. Epo burúkú yẹn, báwo ló ṣe máa ń mọ ibi tí yóò ti tán?

Láńre ti ṣèlérí pé òun yóò wá a rí fún mi.

Èmi ni ọmọ yín tí ayọ̀ ń pa bí ọtí,
Ẹfúnkẹ́mi.


Kemta, Abẹ́òkúta,
Ọjọ́ kẹta, oṣù kọkànlá, 2024.

Àríkẹ́ mi,

Ìwé rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo kà á, mo tún un kà, Ifáníkẹ́ náà gbà á kà. Ó ti gbọ́ o. Ó ní ojú kò tì ọ́. Èmi ní kí ojú má tì ọ́. Ayọ̀ yín kò ní bàjẹ́, orí ìyá rẹ yóò máa ṣọ́ yín.

Ní ti fíìmù igi, ẹni tó ṣe é kò wọ igbó rí. Igi kì í sọ pé "máa lọ". Ojú kan ni igi wà láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a; bó bá máa lanu sọ̀rọ̀, "dúró" ni yóò sọ. Ní ti àwọn tó sùn sínú àpótí, ẹgbẹ́ òmùgọ̀ ni wọ́n. Àádọ́rin ọdún, kí gbogbo èrò ọkọ̀ sùn! Ta ló wà nídìí ọkọ̀? Bó bá jẹ́ pé èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀, n ó ní awakọ̀ kan wà tí kò fojú ba oorun, tó dàgbà, tó hu ewú nídìí ọkọ̀, kí àwọn yòókù lè gúnlẹ̀ láyọ̀. O mọ̀ pé awakọ̀ ni oníbàárà mi. Wọ́n á pàtẹ́wọ́.

Oníbàárà náà kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́. Inú fóònù ni gbogbo ayé ti ń wo fíìmù báyìí, olúkúlùkù dorí kodò bí adìẹ tí òjò pa. Àwọn arúgbó awakọ̀ nìkan ló kù sí mi lọ́wọ́, wọ́n ní àwòrán tí kò bá ti sí ohùn mi níbẹ̀, bí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ ni. Ohùn náà sì ti ń há. Bí o bá rí máìkì kékeré kan, fi ránṣẹ́.

Ẹjọ́ kan wà tí mo ní í bá ọ rò. Ìyá ọkọ rẹ pàdé mi nígbà tí mo lọ sí Itori. Ó ní o kò pe òun láti ọjọ́ tí ẹ ti dé ọ̀hún. Ṣé fíìmù ni kò jẹ́ kí o ráyè? Pè é.

Ìyá Olómi yẹn, ẹ fi sílẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ni. Kí Láńre fi ojú rẹ̀ wá nǹkan tó sàn ju ìyẹn lọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Fájẹ́misìn.


Winnipeg,
Ọjọ́ karùndínlógún, oṣù kejìlá, 2024.

Bàbá mi! Bàbá mi! A rí i!

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ jọ̀ọ́, ayọ̀ ni kò jẹ́ kí n kí yín dáadáa. Láńre kàn kọ "obìnrin, òòyà, kànga" lédè òyìnbó sínú kọ̀ǹpútà, ni Ìyá Olómi bá yọjú! Kòríà ni wọ́n ti ṣe é. Òòyà pupa yẹn, irun tútù yẹn, ó wà bẹ́ẹ̀! Mo fò mọ́ Láńre, gúgúrú dà sílẹ̀.

Wọ́n kọ òyìnbó sísàlẹ̀ àwòrán, mo sì ń kà á. Bàbá, ẹ gbọ́ ohun tí mo kà o! Obìnrin yẹn kò wá dirun ọmọ kankan! Ọkọ rẹ̀ ló tì í sínú kànga, ó wá ń fi ọmọ gbẹ̀san. Ohun tó ń wí bó ṣe ń ya irun náà ni pé, "Bí mo bá ya èyí tó kẹ́yìn, o di tèmi." Ẹ̀yin sì sọ fún wa pé ó ń bi ọmọ bóyá ó ti jẹun! Nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ kànga, ó wọ́ ọmọ náà wọnú rẹ̀, omi padé lé wọn lórí, ó parí. Ibi tí epo ti ń tán nìyẹn!

Láńre yí mọ́lẹ̀. Ó ní, "Bàbá ẹ tan gbogbo Láfẹ́nwá jẹ!" Èmi náà rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí. Ẹ̀yin tí ẹ kò gbọ́ Kòríà, tí òyìnbó yín náà kò gùn ju àtàǹpàkò lọ, ẹ̀yin lẹ ń nọ̀pá sí tẹlifíṣọ̀n bí ọ̀jọ̀gbọ́n! Àwọn fíìmù yòókù ńkọ́? Àwọn náà ha jẹ́ bẹ́ẹ̀ bí?

Mo ti fi fíìmù náà ránṣẹ́ sí Mobọ́lájí kó fi hàn yín, kí a lè jọ rẹ́rìn-ín. Ó ní òun yóò pe àwọn ọmọ gáréèjì kí wọ́n wá wò ó pẹ̀lú. Máìkì yín wà lọ́wọ́ Adébímpé, ará ilé tí à ń gbé, tó ń bọ̀ wá ṣọdún nílé. Mo sì ti pe ìyá ọkọ mi, wọ́n ti dárí jì mí.

Ọmọ yín,
Ẹfúnkẹ́mi.


Winnipeg,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì, 2025.

Bàbá mi,

Mo kí yín o. Ẹ kú ọdún, ọdún á yabo. N kò rí èsì. Mo rò pé ọdún ló fà á, ọdún ti lọ. Mo bi Mobọ́lájí, ó ní ẹ kò mú ìwé kankan wá, ó sì yára sọ̀rọ̀ mìíràn. Adébímpé ní ẹ gba máìkì náà, ẹ dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ kò tú u.

Ṣé ara yín kò yá ni? Bàbá, kí ni mo ṣe? A kò wo fíìmù kankan lọ́sẹ̀ yìí. Kò wù mí.

Ẹfúnkẹ́mi.


Láfẹ́nwá, Abẹ́òkúta,
Ọjọ́ kejì, oṣù kẹta, 2025.

Ẹfúnkẹ́mi,

Kíkí mi lónìí kò pọ̀. Èmi Ifáníkẹ́ àbúrò bàbá rẹ ni mo ń kọ̀wé. Bàbá rẹ kò mọ̀ pé mo ń kọ ọ́.

Mobọ́lájí rẹ kó àwọn ọmọ gáréèjì jọ, wọ́n wo fíìmù tí o fi ránṣẹ́. Láti ọjọ́ náà, bí bàbá rẹ bá ti ń kọjá, wọ́n á máa pariwo, "Ọ̀gá Epo-Ti-Tán! Ẹ sọ Kòríà díẹ̀ fún wa!" Ó bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó juwọ́ sí wọn. Nígbà tó délé, ó fi aṣọ bo tẹlifíṣọ̀n, ó to bẹ́ǹṣì lé ara wọn, ó ní kí káfíńtà wá kó wọn lọ. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, nítorí ariwo àwọn ọmọ aláìnítìjú?" Ó ní, "Kì í ṣe àwọn. Ẹni tí mo ń túmọ̀ fún ti sọ pé irọ́ ni. Ta ló wá kù?"

Ìwọ kéré, o kò lè rántí. Onídìrí ni Ọ̀ṣunrẹ̀mí ìyá rẹ, kò sí orí tí kò dì ní Kemta. Nígbà tó ṣàìsàn tó kú, o kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan irun rẹ mọ́. Bí mo bá gbé òòyà, wàá sá sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Irun náà ta kókó bíi ti dàda. Kò sẹ́ni tí bàbá rẹ lè fi ọ́ tì, ló fi ń gbé ọ lọ sí ilé fíìmù.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n mú kásẹ́ẹ̀tì tuntun wá láti Èkó, bàbá rẹ kò ráyè yẹ̀ ẹ́ wò. Bí obìnrin òkú yẹn ṣe yọ sí gbangba pẹ̀lú òòyà, ìwọ fò dìde lórí bẹ́ǹṣì, o ké pé, "Ìyá mi!"

Gbogbo ilé yíjú sí ọ. Bàbá rẹ dúró pẹ̀lú ọ̀pá. Ó wo tẹlifíṣọ̀n, ó wò ọ́. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá ọmọ ni. Ọ̀nà ló jìn. Ó wá dirun ọmọ rẹ̀." Tíṣà Ọláṣẹ̀hìndé tó lè ka òyìnbó ìsàlẹ̀ àwòrán wà níwájú. Tíṣà rí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ kedere. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n kọ ọ́!" Ni àwọn awakọ̀ bá gbè é, "Ẹ káàbọ̀ o, ìyá ọmọ!" Nígbà tí obìnrin náà mú ọmọ dé ìdí kànga, bàbá rẹ fi ọ̀pá lu ilẹ̀. Èmi tí mo jókòó ti jẹnẹrétọ̀, mo mọ ohun tó ń wí. Mo pa á. Epo kún inú rẹ̀ dẹ́nu.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìwọ fúnra rẹ lo gbé òòyà wá bá mi.

Láti ìgbà náà, gbogbo Sátidé lò ń sunkún pé Ìyá Olómi lo fẹ́. Àwọn àgbà awakọ̀ tí wọ́n mọ̀ ọ́n dénú, tí fíìmù ìjà ni wọ́n fẹ́ wò, wọ́n á jókòó, wọ́n á kí ìyá rẹ káàbọ̀. Nígbà tí o bẹ̀rẹ̀ sí í ka òyìnbó nílé ẹ̀kọ́, bàbá rẹ rán aṣọ bo ìsàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n.

Ohun tí o fi ń rẹ́rìn-ín nìyẹn. Mo ti sọ tèmi. Kí ọkọ rẹ.

Ifáníkẹ́.


Winnipeg,
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹta, 2025.

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, mo kúnlẹ̀ bí obìnrin. Àǹtí ti kọ̀wé sí mi. Ẹ má bá wọn jà.

Mo ka ìwé náà fún Láńre. Ó dìde, ó lọ ń fọ abọ́ tí kò dọ̀tí. Nígbà tó padà wá, ó ní, "Gbogbo èèyàn inú ilé yẹn pátá?" Mo ní gbogbo wọn. Ó tún padà síbi abọ́.

Bàbá, nǹkan kan ń padà bọ̀ wá sí mi lọ́kàn. Mo rántí òwú dúdú. Mo rántí pé mo jókòó sáàárín ẹsẹ̀ Àǹtí, orí mi ń ta mí, n kò sì sunkún, nítorí mo mọ̀ pé Ìyá Olómi ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, mo sì fẹ́ kó bá irun mi ní títọ́. Mo rò pé fíìmù ni mo fẹ́ràn. Mo tún gbé e sí i lánàá, mo pa ohùn rẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ láìsí ohùn yín.

Mobọ́lájí ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi, mo ní kó wá tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹ má jẹ́ kí káfíńtà kó bẹ́ǹṣì lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ohun kan ni mo ń bẹ̀ yín fún. Mo ti wo ìparí tiwọn, n kò fẹ́ ẹ. Láti ìdí kànga níbi tí epo ti ń tán, ẹ parí rẹ̀ fún mi.

Ẹfúnkẹ́mi ọmọ Ọ̀ṣunrẹ̀mí.


Kemta,
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹrin, 2025.

Àríkẹ́, ọmọ onídìrí,

Ṣé dáadáa lẹ wà? Òjò ti bẹ̀rẹ̀ níbí. Orúnkún mi mọ̀ kí ojú ọ̀run tó mọ̀.

Pé o rẹ́rìn-ín kò dùn mí. Ìyàwó tuntun tí kò bá rẹ́rìn-ín, kí ló fẹ́ ṣe? Ohun tó dùn mí ni pé o wò ó dé òpin níbi tí n kò sí.

Mobọ́lájí wá dọ̀bálẹ̀. Mo ní kó má dìde, kó kọ́kọ́ gbé fíìmù náà sí i. Mo fẹ́ wo ìparí rẹ̀, èmi náà kò wò ó rí. Mo ti wò ó báyìí. Ohun tí mo rí rèé, sọ fún Láńre kó gbọ́.

Fíìmù tí kò mọ ara rẹ̀ ni. Padà lọ wò ó. Wo ọwọ́ obìnrin yẹn. Kó tó ki òòyà bọ irun, ó fi ọwọ́ òsì di ìdí irun náà mú, kí fífà rẹ̀ má baà dun ọmọ. Ẹni tó fẹ́ pa ọmọ, kí ló kàn án bí orí ń ta ọmọ? Bẹ́ẹ̀ ni ìyá rẹ ṣe máa ń di tìrẹ mú. Bóyá obìnrin tí wọ́n ní kó ṣeré náà bímọ nílé, ọwọ́ rẹ̀ kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń ya irun ọmọ níyà ìkà. Àwọn tó kọ ọ̀rọ̀ sísàlẹ̀ kọ tiwọn. N kò gbọ́ Kòríà lóòótọ́. Ọwọ́ ni mo túmọ̀.

Èyí tí o bèèrè rèé. Ó mú ọmọ dé ìdí kànga, ó fa omi, ó ṣan irun náà, nítorí irun gbígbẹ kì í gba òòyà. Ó dì í, ó dì í tán, ó fi ọwọ́ pa ọmọ lórí. Ó ní, "Mo ti dì í le, kò ní tú lọ́nà. Máa lọ." Ọmọ náà lọ. Ọ̀nà rẹ̀ jìn. Nígbà tó jí, ó rí yìnyín, ó rí ọkùnrin kan tó wọ ìbọ̀sẹ̀ lé ìbọ̀sẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

Káfíńtà kò rí bẹ́ǹṣì kó. Àwọn arúgbó awakọ̀ ti jókòó lé e lórí kó tó dé, wọ́n ní àwọn kò dìde fún ẹnikẹ́ni. Mo tú máìkì. Ohùn mi dé Ìbàrà.

Bàbá rẹ,
Fájẹ́misìn.


Winnipeg,
Ọjọ́ kẹrin, oṣù karùn-ún, 2025.

Bàbá mi,

Ẹ kú ọ̀rọ̀, ẹ kú ọwọ́ tí ẹ rí. Mo padà lọ wò ó. Ọwọ́ òsì rẹ̀ wà nídìí irun lóòótọ́. Ìgbà mélòó ni mo ti wo fíìmù yẹn, ojú mi kò lọ síbẹ̀ rí.

Lánàá Sátidé, mo gbé Ìyá Olómi sí i fún Láńre. Mo pa ohùn rẹ̀, mo fi aṣọ ìnuwọ́ bo ìsàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n, mo mú ọmọrogùn dání, mo dúró bí ẹ ṣe ń dúró. Mo túmọ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí obìnrin náà yọ, tó gbé òòyà sókè, Láńre dá nìkan gbè mí lórí àga bí odidi gáréèjì: "Ẹ káàbọ̀ o, ìyá ọmọ!"

A dé ìdí kànga. Mo fẹ́ fi ọmọrogùn lu ilẹ̀, ọkàn mi kún, n kò lè gbé e. Láńre ti dìde. Ọkùnrin tó fi bàbá mi ṣe ẹ̀rín nínú oṣù kejìlá, ó rìn lọ síbi ògiri, ó fa okùn iná tẹlifíṣọ̀n yọ, ó sì pàtẹ́wọ́.

Ó ní, "Epo ti tán o! Ìyá ti rí ọmọ, ọmọ ti rí ìyá."

Ẹfúnkẹ́mi.